Ọmọ Ilé Wo Ni Ọ́? Bí Orúkọ Ìdílé Ṣe Ń Yí Padà Nílẹ̀ Ìbàdàn

Láti ọwọ́ Alukoro Ẹgbẹ́

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, a sì máa ń pa á níbi ìkómọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, òwe náà kò sọ pé orúkọ là ń wò kí a tó mọ ilé. Ilé ló ṣáájú, orúkọ ló tẹ̀ lé e. Ní àjọ̀dún ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa yìí, tí orúkọ gbogbo wa jókòó pọ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo, ó yẹ kí á bi ara wa ní ìbéèrè díẹ̀. Orúkọ ìdílé tí a ń jẹ́ yìí, níbo ló ti wá? Ta ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ? Bí àlejò bá kà á, ǹjẹ́ ó lè ti ibẹ̀ mọ̀ pé ọmọ Ìbàdàn ni wá?

Mo béèrè nítorí pé láyé òde òní, orúkọ ìdílé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pín ara wọn sí ọmọ onílé àti àjèjì. Wọ́n á gbọ́ orúkọ kan, wọ́n á ní, "Èyí kì í ṣe orúkọ tiwa." Wọ́n á gbọ́ òmíràn, wọ́n á ní, "Ọmọ wa rèé." Ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ ìtàn ìlú yìí mọ̀ pé irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣìnà. Orúkọ tó wọ́pọ̀ nílùú kan máa ń yí bí àwọn ará ìlú náà bá ṣe ń yí. Ní Ìbàdàn tiwa, orúkọ ti yí padà léraléra láàárín igba ọdún. Ẹ jẹ́ kí á tọ ipasẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí kò sí orúkọ ìdílé

Kí òyìnbó tó dé, Yorùbá kò ní ohun tí à ń pè ní orúkọ ìdílé lónìí. Ọmọ a máa ní orúkọ àmútọ̀runwá bí ó bá mú un wá, bíi Táíwò, Àjàyí, Ìgè tàbí Dàda. A máa ní orúkọ àbísọ tí ó ń sọ bí ilé ṣe rí nígbà tí wọ́n bí i. A máa ní oríkì, bíi Àkànbí, Àlàó, Àjàní, Àbẹ̀kẹ́ tàbí Àṣàkẹ́. Bí ó bá dàgbà, ó lè gba ìnagijẹ tàbí kí ó jẹ oyè. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo ìwọ̀nyí tí bàbá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ jọ ń jẹ́ láti ìran dé ìran. Bí a bá fẹ́ mọ ẹni tí ènìyàn jẹ́, ìbéèrè tí à ń bi í ni pé, "Ọmọ ilé wo ni ọ́?" Orúkọ agbo ilé, oríkì orílẹ̀ àti èèwọ̀ ìdílé ni yóò fi dáhùn.

Ẹ wo Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Ìbàdàn títí dé ikú rẹ̀ ní 1874. Ẹni tó bá fi ojú òde òní wò ó lè rò pé Aníwúrà ni orúkọ bàbá rẹ̀ tàbí ti ọkọ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìnagijẹ tirẹ̀ ni, ó ń ròyìn ọrọ̀ rẹ̀. Òun nìkan ló jẹ́ ẹ, tòun tirẹ̀ ló sì lọ.

Àwa nìkan kọ́ la wà bẹ́ẹ̀ láyé. Ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì, ọdún 1934 ni òfin tó pa á láṣẹ pé kí oníkálukú mú orúkọ ìdílé kan jáde. Ní Iceland títí di òní, orúkọ bàbá tàbí ti ìyá ni ọmọ ń so mọ́ tirẹ̀, nítorí náà bàbá àti ọmọ kì í sábàá jẹ́ orúkọ ìkẹyìn kan náà. Ìwé ìjọba ló sọ orúkọ ìdílé di dandan káàkiri ayé. Níbi tí ìwé ò bá tíì dé, ẹnu àwọn àgbà tó fún ènìyàn.

Ìlú ológun, orúkọ ológun

Gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wa ṣe pa á nítàn, Lágelú ló kọ́kọ́ tẹ Ìbàdàn dó. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn tí a wà nínú rẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tó ti fọ́ àwọn ìlú Ẹ̀gbá wá pa àgọ́ síbí. Àwọn Ẹ̀gbá tó bá wọn gbé díẹ̀ kó lọ sí Abẹ́òkúta ní 1830. Lẹ́yìn ìjà láàárín Ifẹ̀ àti Ọ̀yọ́, ọwọ́ àwọn ará Ọ̀yọ́ ni agbára bọ́ sí. Àwọn tí ogun lé kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé àti àwọn ìlú abẹ́ rẹ̀ wá ya wọ ìlú. Baṣọ̀run Olúyọ̀lé jẹ́ ọmọ-ọmọ Aláàfin Abíọ́dún láti ìhà ìyá. Balógun Ìbíkúnlé wá láti Ogbómọ̀ṣọ́. Àgbègbè Ìwó ni Baṣọ̀run Ògúnmọ́lá ti wá. Nítorí náà, láti ìpìlẹ̀, àkójọpọ̀ ènìyàn láti ibi gbogbo ni wá.

Bí jagunjagun bá ṣe ń lágbára ni agbo ilé rẹ̀ ń gbòòrò. Ọmọ, ìyàwó, ẹbí, ọmọ ogun tó wá sá di í, àlejò tó ń wá ààbò, ẹrú àti ìwọ̀fà, gbogbo wọn ló wà lábẹ́ òrùlé kan. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, orúkọ ológun náà di orúkọ ilé, gbogbo wọn sì di ọmọ ilé bẹ́ẹ̀. Báyìí ni a ṣe ní ilé Olúyọ̀lé, ilé Ìbíkúnlé, ilé Ògúnmọ́lá, ilé Délésolú àti àwọn mìíràn tí mógàjí wọn ṣì wà títí di òní. Ẹ kíyè sí i: nínú agbo ilé kan ṣoṣo, a lè rí ọmọ bíbí inú ológun náà, ọmọ ẹni tó wá láti Ìjàyè, àti ọmọ ẹni tí wọ́n mú wá láti Èkìtì. Lẹ́yìn ìran mẹ́ta, ilé kan náà ni gbogbo wọn ń pè ní tiwọn.

Oyè ogun náà di orúkọ. Balógun, Séríkí, Ààrẹ àti Ọ̀tún wà lára orúkọ ìdílé tí a ń bá pàdé nílùú yìí. Àwa ará Ìsàlẹ̀ Òsì kò gbọdọ̀ yà sí èyí, nítorí pé ọ̀rọ̀ Òsì tó wà lára orúkọ àdúgbò wa náà ni ó wà nínú oyè Òsì Balógun àti Òsì Olúbàdàn. Ṣùgbọ́n Balógun kan kọ́ ló bí gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Balógun. Ìdílé mẹ́wàá lè máa jẹ́ ẹ, kí ó máà sí ẹ̀jẹ̀ kankan tó so wọ́n pọ̀. Ìlú Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá àti Ìlọrin ló ní Balógun tiwọn.

Ìwé dé

Ní 1853 ni David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Kúdẹtì, wọ́n sì dá ìjọ àti ilé ìwé sílẹ̀. Ìgbà yìí ni kíkọ orúkọ sínú ìwé bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá ṣe ìrìbọmi gba orúkọ tuntun láti inú Bíbélì, èyí tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ sì bọ́ sí ẹ̀yìn. Nígbà tí ó bá bímọ, orúkọ ẹ̀yìn yẹn ni wọ́n kọ fún àwọn ọmọ. Báyìí ni orúkọ ènìyàn kan ṣe di orúkọ ìdílé.

Àpẹẹrẹ tó hàn sí gbogbo wa ni ti àwọn Akínyẹlé. Josiah Akínyẹlé jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn onígbàgbọ́ ìgbà ìjímìjí. Akínyẹlé ni orúkọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì sọ ọ́ di orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀. Alexander dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní 1913, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn ní 1952. Isaac kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní 1911, ó sì jẹ Olúbàdàn ní 1955. Láàárín ìran kan ṣoṣo, orúkọ bàbá ti di orúkọ ìdílé.

Àwọn tó ti Sàró wá mú irú mìíràn dé. Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, gba orúkọ Samuel Crowther nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825. Orúkọ àlùfáà òyìnbó kan ni wọ́n fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni Johnson, Williams, Cole, Macaulay àti Coker ṣe dé Èkó àti Abẹ́òkúta. Ìbàdàn náà rí tirẹ̀. Samuel Johnson, tó kọ ìtàn Yorùbá tí gbogbo ayé ń kà, bí wọn ní Sàró ní 1846, ìlú wa yìí ló sì gbé dàgbà, ibí ló sì ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ pọ́ńbélé ni. Ẹni tó bá fi Johnson ṣe ìwọ̀n yóò ní òyìnbó ni.

Kò pẹ́ tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ orúkọ àjèjì náà sílẹ̀. Ní 1894, àlùfáà Onítẹ̀bọmi tó ń jẹ́ David Brown Vincent sọ ara rẹ̀ di Mojọlá Agbẹbí. Jacob Henry Samuel di Adégbóyèga Ẹ̀dun. Ènìyàn kan náà ni, orúkọ ló yàtọ̀. Bí ènìyàn bá ń ka ìwé orúkọ àwọn ará Èkó nígbà yẹn, á rò pé àwọn kan kó lọ, àwọn mìíràn kó dé, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò kúrò nínú ilé rẹ̀.

Ohun tó wá sọ orúkọ ìdílé di ti gbogbo mẹ̀kúnnù ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Ọmọ tí kò sí ẹni tó kàwé rí nílé wọn dé iwájú tíṣà. Tíṣà bi í pé, "Kí ni orúkọ bàbá rẹ?" Ọmọ dárúkọ bàbá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é nílé. Bí ó bá dárúkọ àbísọ, ìyẹn ni tíṣà kọ. Bí ó bá jẹ́ oríkì, oríkì ló kọ. Ìdí rèé tí Àkànbí, Àlàó, Àkàndé, Àdìsá àti Àyìndé fi pọ̀ bẹ́ẹ̀ lára orúkọ ìdílé ní Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ àti Ogbómọ̀ṣọ́, bẹ́ẹ̀ oríkì tí ìyá fi ń kí ọmọ ọkùnrin rẹ̀ láàárọ̀ ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni orúkọ ìdílé wa kò ju ti bàbá àgbà lọ. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó ti Ilé Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929.

Orúkọ láti mọ́ṣáláṣí

Ẹ̀sìn Mùsùlùmí ti wà ní Ìbàdàn láti ìgbà àwọn ológun, ó sì gbilẹ̀ gan-an. Orúkọ rẹ̀ kò sì dé gẹ́gẹ́ bí àlejò, ẹnu wa ló gbà wọlé. Muhammad di Mọ́mọ́dù, Ibrahim di Búràímọ̀, Yusuf di Yésúfù, Abdul-Azeez di Làsísì, Abdul-Hameed di Lámídì. Baálẹ̀ Ṣítù, tó wà lórí oyè láti 1914 di 1925, jẹ́ ọmọ Ààrẹ Látòósà, ẹni tó kó ogun Ìbàdàn lọ sí Kírìjì. Bàbá ń jẹ́ Látòósà, ọmọ ń jẹ́ Ṣítù, àwọn tó wà lẹ́yìn wọn sì lè mú èyí tó bá wù wọ́n lára méjèèjì. Ilé kan náà ni.

Bí ẹ bá fẹ́ rí gbogbo ìtàn yìí lójú kan, ẹ ka orúkọ àwọn ọba wa láti ìgbà tí oyè Baálẹ̀ ti di Olúbàdàn ní 1936. Okùnọlá Abáàsì Aléṣinlọ́yẹ́: orúkọ àbísọ, orúkọ Mùsùlùmí, orúkọ ilé. Gbàdàmọ́sí Àkànbí Adébímpé: orúkọ Mùsùlùmí, oríkì, orúkọ Yorùbá. Sàlíù Àkànmú Adétúnjí náà rí bẹ́ẹ̀. Daniel Táyọ̀ Akínbíyìí àti Isaac Babalọlá Akínyẹlé: Bíbélì ló ṣáájú, orúkọ akin ló kẹ́yìn. Nínú orúkọ Memudu Alí-Ìwó, orúkọ ìlú ti so mọ́ orúkọ ẹ̀sìn. Lekan Balógun, tó gorí oyè ní 2022, ìdílé Alí-Ìwó yìí náà ló ti wá, oyè ológun ló sì ń jẹ́ gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé. Ẹni tí kò mọlé, tó kàn ka Alí-Ìwó àti Balógun nínú ìwé, yóò rò pé ilé méjì ni.

Àwọn tí rélùwéè gbé dé

Títí dé ibí yìí, àwọn ará ilé ló ń pààrọ̀ orúkọ. Ṣùgbọ́n ènìyàn tuntun náà dé. Rélùwéè wọ Ìbàdàn ní 1901. Kòkó, òwò àti iṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fa àwọn ènìyàn wá. Àwọn Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ti wà pẹ̀lú wa láti ìgbà àgọ́ ogun, wá pọ̀ sí i, pàápàá ní Òkè-Àdó. Wọ́n kó orúkọ Odù, Ṣó àti Ọ̀nà wá, bíi Odùsànyà, Ṣówándé àti Ọ̀nàbánjọ. Wọ́n dá Sábó sílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò Haúsá ní 1916. Àwọn ará Lẹ́bánónì ṣí ìsọ̀ ní Gbági, títí a fi ní òpópónà tó ń jẹ́ orúkọ ilẹ̀ wọn. Àwọn Ìgbò àti àwọn ará ìlú òkè wá sí Èkótẹ̀dó àti Mọ́kọ́lá.

Nígbà tí Ìbàdàn di olú ìlú Ìwọ̀-Oòrùn, tí Yunifásítì sì bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ojú rẹ̀ tún yí. Chinua Achebe wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́, Wọlé Ṣóyínká wọlé ní 1952. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, kọ́lé sí Òkè-Àdó. Ètò ìkànìyàn 1952 ka ènìyàn tó lé ní 459,000 ní Ìbàdàn. Ti 1963 ka ohun tó lé ní 627,000. Ọdún mọ́kànlá péré ló wà láàárín méjèèjì. Ìwé orúkọ ilé ìwé kan ní Ọjà'ba àti ti òmíràn ní Òkè-Àdó kò lè jọra mọ́, bẹ́ẹ̀ ìlú kan náà ni.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ní Amẹ́ríkà, nígbà ìkànìyàn 1990, kò sí orúkọ àwọn tó ń sọ èdè Spéènì kankan nínú orúkọ ìdílé mẹ́wàá tó wọ́pọ̀ jù lọ. Nígbà tó fi di 2000, Garcia àti Rodriguez ti wọ inú mẹ́wàá náà. Ní 2010, Martinez dara pọ̀ mọ́ wọn. Smith ṣì ni àkọ́kọ́, ìyẹn alágbẹ̀dẹ lédè wọn. Ní Amẹ́ríkà, bí orúkọ bá yí, ènìyàn ló sábà máa ń yí.

Ibí yìí ni tiwa ti yàtọ̀. Ní Ìbàdàn, ọ̀nà méjì ni orúkọ gbà ń yí. Ọ̀kan ni pé àwọn ènìyàn tuntun kó dé. Èkejì ni pé àwọn ará ilé pààrọ̀ orúkọ, wọ́n sì wà níbi tí wọ́n wà. Bí a bá to orúkọ àwọn ará Bẹẹrẹ tàbí Bẹ́yẹrúnká ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn sí ẹ̀gbẹ́ ti òní, á dà bí ẹni pé ìlú mìíràn ni. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọmọ agbo ilé kan náà. Odùlànà Odùgadé jẹ Olúbàdàn ní 2007, Odù ló sì bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ méjèèjì. Ẹni tó bá ń fi ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ mọ ìlú ènìyàn, kí ó rọra.

Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lójú wa

Ìyípadà tuntun ti dé, ọwọ́ wa la sì fi ń ṣe é. Àwọn tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ògún, Ifá, Ṣàngó tàbí Èṣù ń yọ ọ́ kúrò, wọ́n ń fi Olú, Olúwa tàbí Jésù rọ́pò. Fágbèmí di Olúgbèmí, Ògúnbíyìí di Olúbíyìí. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. D. O. Fágúnwà ń jẹ́ Ọ̀ròwọlé tẹ́lẹ̀, ó sọ ọ́ di Ọlọ́runfẹ́mi. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé orúkọ ara rẹ̀ ló pààrọ̀, ó fi Fágúnwà, orúkọ bàbá rẹ̀, sílẹ̀ bí ó ṣe wà, ti Ifá ti inú rẹ̀. Láàárín àwọn Mùsùlùmí náà, ọmọ Búràímọ̀ ti ń kọ Ibrahim, ọmọ Làsísì ń kọ Abdul-Azeez, kí ó lè bá ti Lárúbáwá mu. Àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ń gé orúkọ kúrú kí ẹnu àwọn ará ibẹ̀ lè gbé e. Ẹ̀tọ́ oníkálukú ni láti jẹ́ orúkọ tó bá ìgbàgbọ́ rẹ̀ mu, n kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ohun tí mo ń sọ ni pé ìyípadà ìgbà àtijọ́ bá agbo ilé tó gbó ṣáṣá. Ọmọ tó di Ṣítù, gbogbo ilé mọ̀ ọ́n, àwọn ìyá ilé ń ki oríkì rẹ̀, ó ń sùn sínú ilé náà. Ti òde òní bá wa ní Bódìjà, Àkóbọ̀, Lẹ́kí àti Houston. Ọmọ tó yí orúkọ padà níbẹ̀, tí kò mọ agbo ilé, tí kò gbọ́ oríkì orílẹ̀ rí, kí ló kù tí yóò fi so ó mọ́ wa?

Ohun tó wà nídìí rẹ̀ fún wa

Iṣẹ́ báńkì ni mò ń ṣe, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn lásán lójú mi. Láti 2014 tí ètò BVN ti bẹ̀rẹ̀, tí NIN náà sì dara pọ̀ mọ́ ọn, orúkọ ènìyàn gbọ́dọ̀ bára mu níbi gbogbo. Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tó wọ́pọ̀. Bàbá kan kú, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀. Àkọ́bí ń jẹ́ orúkọ Mùsùlùmí tí bàbá ń jẹ́. Èkejì ń jẹ́ oríkì bàbá, nítorí pé ìyẹn ni tíṣà kọ. Ẹ̀kẹta ti di onígbàgbọ́, ó sì ti yọ Ògún kúrò nínú orúkọ bàbá àgbà tó ń jẹ́, ó fi Olú sí i. Bàbá fúnra rẹ̀ fi Ṣ kọ orúkọ nínú ìwé kan, ó fi Sh kọ ọ́ nínú òmíràn. Nílé, ọmọ ìyá ni wọ́n. Lórí ìwé, ènìyàn mẹ́ta tí kò bára tan ni wọ́n. Owó bàbá wà níbẹ̀, wọn kò lè fọwọ́ kàn án títí wọn yóò fi lọ búra ní ilé ẹjọ́, tí wọn yóò polówó nínú ìwé ìròyìn, tí àgbà ilé yóò sì wá jẹ́rìí pé bàbá kan ló bí wọn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa: àgbà ilé yóò wá jẹ́rìí. Pẹ̀lú gbogbo kọ̀ǹpútà tí a ní, ẹnu àgbà ilé la tún padà sí. Bí ó ṣe rí lórí owó náà ló rí lórí ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì rí lórí oyè mógàjí. Níbi tí oyè bá kàn, orúkọ tó wà lára káàdì kò tó. Wọn yóò béèrè pé, "Ẹ̀ka wo nínú ilé ni? Ọmọ ta ni bàbá rẹ̀? Ta ló bí bàbá bàbá rẹ̀?" Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni yóò dáhùn. Bí àgbà tó mọ̀ ọ́n bá sì ti sùn, ariyanjiyan ló kù.

Ọ̀nà àbáyọ kò le. Kí oníkálukú wa gba ìwé kan, kí ó kọ orúkọ agbo ilé rẹ̀ sí òkè. Kí ó kọ orúkọ bàbá, bàbá àgbà àti bàbá bàbá àgbà, pẹ̀lú gbogbo orúkọ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́: àbísọ, oríkì, ti ẹ̀sìn, ìnagijẹ. Kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti ìyá náà, nítorí ọ̀dọ̀ ìyá ni ọ̀pọ̀ oríkì ti ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ yí orúkọ padà, kí ó kọ èyí tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ àti ìdí tó fi yí i. Kí gbogbo ọmọ bàbá kan fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ orúkọ náà, kí wọ́n tó di àwọn tó ń wá lẹ́tà ìbúra kiri. Mo sì ń bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí ìwé orúkọ wa ti ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀ ní àyè fún agbo ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìdílé.

Ẹ̀yin àlejò wa tí ẹ wá bá wa yọ̀, tí orúkọ yín jẹ́ ti Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Ìgbò tàbí Haúsá, ìtàn yìí kàn yín pẹ̀lú. Kò sí ẹni tó wà nínú ìlú yìí tí baba ńlá rẹ̀ kò ti ibìkan wá. Àwọn tó ṣáájú ló gbà wọ́n sílé, wọ́n fún wọn lórúkọ, wọ́n sì di ọmọ ilé. Bí ẹ bá ti gbé pẹ̀lú wa, tí ẹ sin òkú yín síbí, tí ẹ sì bí ọmọ yín síbí, ọmọ-ọmọ yín lè wà nínú ìwé ẹgbẹ́ ojúgbà tirẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Òsì lọ́jọ́ kan. Orúkọ tí yóò máa jẹ́ nígbà náà, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú wa. Kí á ṣáà rí i pé bí wọ́n bá bi í pé, "Ọmọ ilé wo ni ọ́?", yóò ní èsì.

Olódùmarè yóò jẹ́ kí á tún pé jọ ṣe ogún ọdún. Ilé wa kò ní parun, orúkọ wa kò ní parẹ́. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Àṣẹ.